Mo Lọ Wádìí Àna Wa ní Augusta

Bàbá mi, ẹni tí kì í gba omi lọ́wọ́ àlejò,

Ọmọ yín àkọ́bí ló ń kí yín láti Lilburn, ní Amẹ́ríkà o. Ìdí tábìlì ìjẹun ni mo jókòó sí. Àwọn ọmọ ti lọ sí ilé-ìwé, ìyá wọn ti lọ síbi iṣẹ́, èmi ò sì ní iṣẹ́ lónìí. Mo mọ̀ pé bí lẹ́tà yìí bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ ó kọ́kọ́ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ẹ ó fi àtàǹpàkò ra ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀, bóyá ẹnì kan ti tú u kà kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Bẹ́ẹ̀ lẹ máa ń ṣe sí gbogbo lẹ́tà, títí kan èyí tí ṣọ́ọ̀ṣì fi ránṣẹ́. Èyí ò ní àpò, Bàbá. Mi ò tilẹ̀ mọ ibi tí màá fi ránṣẹ́ sí.

Ó ń dùn mí pé n kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sin yín. Ọdún tí àrùn ti gbogbo pápákọ̀ òfuurufú pa ni. Èmi tó jẹ́ pé ẹrù ọkọ̀ òfuurufú ni mò ń kó jẹun ní College Park, mi ò rí ọ̀kan ṣoṣo tó máa gbé mi délé. Orí fóònù ni mo ti wo ìsìnkú yín. Ìtàkùn ayélujára ń já, ó ń so, nígbà tó sì so padà, wọ́n ti bo ilẹ̀. Mo sunkún lọ́jọ́ náà nínú ọkọ̀ mi kí àwọn ọmọ má bàa rí mi.

Ìròyìn tó gbé mi dìde láti kọ̀wé ni pé Mọ́rẹ́nikẹ́ fẹ́ lọ́kọ. Àbíkẹ́yìn yín, tí ẹ máa ń gbé sórí ẹsẹ̀ tí ẹ bá ń gbọ́ ìròyìn rédíò, ti di nọ́ọ̀sì, ó ń gbé ní Tucker nítòsí wa, ó sì ti rí ẹni tó wù ú. Kì í ṣe ọmọ Yorùbá. Kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà pàápàá. Ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ni, Marcus lorúkọ rẹ̀, ó ń tún ẹ̀rọ AC ṣe. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá sílé mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì. Ìyàwó mi ń rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ dùn. Inú tèmi ò dùn. Ta ló kọ́ ọ? Ẹni tó ti kọ́ ìdọ̀bálẹ̀ kó tó mọ̀ mí, kí ló tún kọ́ tí mi ò mọ̀? Ó jẹ ọbẹ̀ ata tán, kò bèèrè omi, ìyẹn náà kọ mí lóminú. Ẹ rí i pé ọmọ yín ni mí lóòótọ́.

Màámi ò bá a jà. Wọ́n kàn bi mí lórí fóònù pé ta ló ti lọ wádìí ilé ọmọkùnrin náà. Mo ní Màámi, Amẹ́ríkà la wà, wọn kì í ṣe ìwádìí níbí. Wọ́n ní ṣé àwọn ará Amẹ́ríkà ò ní ilé tí wọ́n ti wá ni?  Wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí bàbá mi ò sí mọ́, èmi ni bàbá, kí n dìde kí n lọ, pé ohun tí mo bá bá bọ̀ làwọn máa gbà, ì báà jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ì báà jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́. Mọ́rẹ́nikẹ́ náà sì sọ fún mi, ojú rẹ̀ pọ́n, pé òun ò ní fẹ́ ẹni tí Màámi ò bá súre fún. Bí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ọmọ yín ṣe di ohun tó ń bẹ lẹ́nu mi nìyẹn.

Ẹ̀yin lọ̀gá ìwádìí, ta ni kò mọ̀? Gbogbo ẹbí, títí kan àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yin ni wọ́n máa ń bẹ̀ tí ọmọ wọn bá fẹ́ gbéyàwó. Mo máa ń wò yín tí ẹ bá ń múra: bùbá tó ti ṣá, bàtà tí kì í pariwo, àpò ọ̀rá kan tí kò sí ohun méjì nínú rẹ̀ ju ìwé ìròyìn àná lọ. Ẹ kì í lọ lọ́jọ́ ọjà. Ẹ kì í sún mọ́ ilé náà rárá. Ẹ ó yà sọ́dọ̀ aránṣọ ìtòsí, ẹ ó ní kó bá yín lẹ ìdí ṣòkòtò, ẹ ó jókòó, ẹ ó máa sọ̀rọ̀ òjò. Ẹ kọ́ mi pé ẹni tó bá ń yin ìdílé kan láìsinmi, ẹbí wọn ni. Ẹni tó bá ń bú wọn láìsinmi, ìjà ilẹ̀ ló wà láàárín wọn. Ẹni tó bá dákẹ́, tó yí ọ̀rọ̀ padà, òun gan-an ni kí n jókòó tì. Tí ẹ bá sì dé, ẹ kì í sọ ohun tí ẹ rí. Ẹ ó ní ó ṣe é ṣe, tàbí ẹ ó ní kò ní ṣe é ṣe, ẹ ó sì bèèrè oúnjẹ yín.

Ẹ rántí Fọláṣadé? Ọmọ Ìkirè, tó ní àlàfo díẹ̀ láàárín eyín, tí a jọ wà ní yunifásítì. Ẹ kúrò nílé láàárọ̀, ẹ lọ sí Ìkirè, ẹ dé nírọ̀lẹ́. Ẹ ra dòdò Ìkirè bọ̀ nínú ewé. Gbogbo wa ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí ẹ ní kò ní ṣe é ṣe. Dòdò wà lẹ́nu mi, mo gbé e mì. Mo bèèrè ìdí, ẹ wò mí títí mo fi gbójú sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo tún rí Ṣadé lẹ́yìn ìgbà náà. Ó bi mí pé kí ló ṣe ilé àwọn. Mo fẹ́ ẹlòmíràn, èèyàn rere ni, a sì ń gbé pọ̀ ní ìrẹ̀pọ̀, n kò kábàámọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú bí mi nígbà náà, inú ṣì ń bí mi díẹ̀. Kí lẹ rí ní Ìkirè, Bàbá?

Augusta ni Marcus ti wá. Tí èèyàn bá gba ọ̀nà I-20 láti Atlanta, tó kọjú síbi tí oòrùn ti ń yọ, ó máa débẹ̀ kí oúnjẹ àárọ̀ tó dà nínú rẹ̀. Marcus ti sọ fún mi pé ìyá bàbá òun ló tọ́ òun dàgbà, nínú ilé kan lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ òwú àtijọ́, àti pé ìyá náà ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ìrànwú níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba obìnrin dúdú wọlé. Mi ò sọ fún un pé mò ń bọ̀. Mi ò sọ fún Mọ́rẹ́nikẹ́ náà. Ìyàwó mi fẹ́ tẹ̀ lé mi, mo ní ìwádìí kì í ṣe iṣẹ́ ẹni méjì. Mo dé fìlà bí àwọn tó ń rin ìrìn-àjò afẹ́, mo gbé ẹ̀rọ ayàwòrán kọ́rùn. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó dáadáa.

Ìlú náà rẹwà, Bàbá, ó sì rẹwà jù lójú mi. Odò ńlá Savannah wà níbẹ̀. Àwọn ará àtijọ́ wá gbẹ́ odò mìíràn láti ara rẹ̀, odò àfọwọ́gbẹ́ tó gba àárín ìlú kọjá, kí omi lè máa yí ẹ̀rọ àwọn ilé-iṣẹ́ òwú. Omi náà dákẹ́ rọ́rọ́, ó ní àwọ̀ ewé, igi tẹ orí ba lé e lọ́tùn-ún lósì. Àwọn ilé-iṣẹ́ náà ṣì dúró, bíríkì pupa, wọ́n ga, wọ́n ní ilé ìṣọ́ lórí bíi ti kàtídírà, ọ̀wọ̀n èéfín kan sì nà sókè láàárín wọn. Ẹ̀rọ ti dákẹ́ nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Wọ́n ti sọ òmíràn di ilé àwọn olówó, òdòdó wà lójú fèrèsé. Àwọn èèyàn ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí mi, mo ń bi ara mi léèrè pé kí ni wọ́n fẹ́. Àkọlé kan létí omi ní àwọn ẹrú wà lára àwọn tó gbẹ́ odò náà. Lẹ́tà rẹ̀ kéré, ó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Mo ní ẹ̀n-ẹ́n, ìlú yìí mọ bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan pamọ́.

Kò sí aránṣọ, mo yà sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀. Mo jókòó, mo ní kó bá mi gẹ orí. Mo sọ̀rọ̀ òjò bí ẹ ṣe kọ́ mi. Nígbà tó ya, mo dárúkọ ìdílé Marcus, mo ní ṣé ó mọ̀ wọ́n. Ẹ̀rọ tó fi ń gẹ̀ mí dákẹ́. Gbogbo àwọn tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù dákẹ́. Onígbàjámọ̀ ní ta ló rán mi. Mo ní kò sẹ́ni tó rán mi, mo kàn ń bèèrè ni. Ó parí orí mi wàràwàrà, kò sọ ọ̀rọ̀ kankan mọ́.  Ẹni tó dákẹ́ nìyẹn! Ohun kan wà nílẹ̀ yìí, mo sì máa hú u jáde.

Lẹ́bàá ọ̀nà, obìnrin kan ń ta ẹ̀pà sísè nínú ìkòkò ńlá kan. Ẹ ò ní gbà gbọ́, ẹ̀pà sísè, bíi tilé gan-an. Mo ra díẹ̀, mo dárúkọ ìdílé náà. Èyí bẹ̀rẹ̀ sí í yìn wọ́n, ó yìn wọ́n títí itọ́ fi ń ta sórí ẹ̀pà mi. Mo ní lọ́kàn mi pé ẹbí wọn ni. Bí mo ṣe yíjú padà, mo rí i tó ń gbé fóònù sétí, tí ojú rẹ̀ ń tẹ̀ lé mi. Ó yẹ kí n ti mọ̀. Mo rò pé èmi ni mò ń ṣọ́ ìlú, ìlú ti ń ṣọ́ mi.

Kí n lè jọ àlejò afẹ́, mo sanwó wọ ọkọ̀ ojú omi kan tó máa ń gbé èèyàn lọ gbé èèyàn bọ̀ lórí odò àfọwọ́gbẹ́ náà. Ọkọ̀ pẹlẹbẹ ni, àga gígùn wà nínú rẹ̀, obìnrin kan dúró níwájú tó ń sọ ìtàn òwú. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n tú okùn ni ìyá àgbà kan wọlé, ó dé fìlà koríko, ó ń tẹ ọ̀pá. Àga ṣófo rẹpẹtẹ. Ó kọjá gbogbo rẹ̀, ó wá jókòó tì mí. Mo fa àpò mi sọ́dọ̀.

Ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ òjò. Ó ní òjò ò rọ̀ dáadáa lọ́dún yìí, pé omi odò ti fà. Lẹ́yìn náà ló fi ọ̀pá nàka sí fèrèsé kan lókè ilé-iṣẹ́ pupa, ó ní ìdí fèrèsé yẹn ni ẹ̀rọ òun wà, pé tí òun bá délé, òwú á wà nínú irun òun, nínú etí òun, nínú ọbẹ̀ òun. Mò ń mi orí. Mi ò fura, Bàbá, èmi tí mò ń fura sí gbogbo ayé. Ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Wọ́n ní ò ń bèèrè ilé mi láti àárọ̀. Ilé mi kò sí fún títà."

Ìyá bàbá Marcus ni! Ìgbà yẹn ni ohun gbogbo tó yé mi. Àwọn tó ń sọ ilé-iṣẹ́ di ilé olówó ti ń wá káàkiri àdúgbò ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n ń fi ẹnu dídùn ra ilé onígi àwọn arúgbó. Ọkùnrin tó dé fìlà tuntun, tí ohùn rẹ̀ ò jọ tiwọn, tó ń bèèrè ilé ìyá arúgbó, kí ni wọn ì bá rò? Gbogbo ìdákẹ́ tí mo kà sí ẹ̀rí, èmi ni wọ́n ń dákẹ́ sí. Ọkọ̀ sì ti kúrò létí omi, mi ò lè sọ̀ kalẹ̀. Mo sọ orúkọ mi fún un. Mo ní èmi ni ẹ̀gbọ́n Mọ́rẹ́nikẹ́.

Ìyá náà wò mí láti fìlà dé bàtà, lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín débi pé àwọn tó wà níwájú bojú wẹ̀yìn. Ó ní òun náà ti ṣe ìwádìí tòun. Ará ṣọ́ọ̀ṣì òun kan tó ti kó lọ sí ìtòsí Tucker ti lọ jọ́sìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì Mọ́rẹ́nikẹ́, ó jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó sì wá jábọ̀ pé ọmọ náà kì í lọ sílé láìbá wọn to àga. Inú bí mi. Ta ló fún wọn láṣẹ láti máa ṣọ́ ọmọ wa? Mo fẹ́ sọ ọ́ jáde, mo rántí fìlà tó wà lórí mi, mo pa ẹnu mi mọ́.

Ó ní ìyẹn dára, ṣùgbọ́n òun ò tíì mọ ilé wa. Lọ́dọ̀ àwọn, ó ní, wọ́n kì í bi èèyàn ní iṣẹ́ tó ń ṣe kí wọ́n tó bi í pé ta ni àwọn èèyàn rẹ̀. Òun ló sì kọ́kọ́ tú àpò tirẹ̀. Ó ní òun ní àbúrò kan, Raymond, tí ọpọlọ rẹ̀ dà rú nígbà tó ṣì kéré lọ́jọ́ orí, tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn ò gbọ́. Ọ̀dọ̀ òun ló gbé títí tó fi kú. Òun á ti ilé-iṣẹ́ òwú dé, òun á fá irùngbọ̀n rẹ̀, òun á gbé e jókòó sójú fèrèsé iwájú, kó máa kí àwọn tó ń kọjá. Marcus ló máa ń bọ̀ ọ́ ní bàtà. Ó ní òun máa ń sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ bá àwọn tan, kó má jẹ́ pé ẹlòmíràn ni wọ́n ti gbọ́.

Ó wá bi mí, pẹ̀lẹ́ ni, bí ẹni tó ń bèèrè ọ̀nà. Ó ní, "Ṣé irú rẹ̀ wà nílé tiyín?"

Mo ní, "Rárá o."

Ẹnu mi ló yára ju orí mi lọ. Mi ò tilẹ̀ rò ó. Ìyá náà ní ó dáa, ó kọjú sí omi. Èmi náà kọjú sí omi. Bàbá, Bọ̀dá Láyí ló dúró sí ọkàn mi, pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ àti búrẹ́dì tó máa ń ya sí wẹ́wẹ́ fún àwọn ẹyẹ.

Àbúrò yín. Láyíwọlá, tó ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní ilé ẹjọ́, tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ògiri sọ̀rọ̀. Ẹ gbé e wá sí yàrá ẹ̀yìn ilé wa n'Íbàdàn, ó wà níbẹ̀ títí di òní olónìí. Ẹ ní kí a sọ fún àlejò pé ará ìlú wa kan ni, pé ó ń bá wa ṣọ́ ilé. Ohun tí wọ́n sọ fún Mọ́rẹ́nikẹ́ pẹ̀lú nìyẹn. Èmi ni mo máa ń gbé oúnjẹ lọ bá a. Ẹ ò fìyà jẹ ẹ́, mo mọ̀, ẹ ń tọ́jú rẹ̀, ẹ máa ń gé èékánná rẹ̀ fúnra yín. Màámi nìkan ló máa ń pọ́n ọn lé, wọ́n ń pè é ní Akọ̀wé, wọn ò dárúkọ rẹ̀ rí gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé. Ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó bá ti sún mọ́lé, ẹ ó gbé e lọ sí oko ní Mọ́níyà. Bí ẹ ṣe ṣe nìyẹn nígbà ìgbéyàwó mi.

Nínú ọkọ̀ náà ni mo wá rántí ọ̀sẹ̀ tí ẹ lọ sí Ìkirè. Ọkùnrin kan wá sí àdúgbò wa lọ́sẹ̀ yẹn, ó jókòó pẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún táyà ṣe ní kọ́nà, kò sì ní ọkọ̀. Ẹ rí i láti ojú fèrèsé. Ẹ wò ó títí. Bọ̀dá Láyí wà nílé, kò sí ní Mọ́níyà, ó sì ń kọrin sókè lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn ìyẹn lẹ lọ sí Ìkirè, tí ẹ dé pẹ̀lú dòdò.

Bàbá, ṣé ilé Ṣadé lẹ rí nǹkan sí? Tàbí ẹ̀rù ló bà yín pé wọ́n ti rí nǹkan sí tiwa, ẹ sì yára kọ̀ wọ́n kí wọ́n tó kọ̀ wá? Ṣé ẹ tilẹ̀ dé Ìkirè rárá, àbí ẹ ra dòdò náà lójú títì? Mi ò mọ̀. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀, ẹ sì ti lọ. Mo ti gbé gbogbo ọdún wọ̀nyí, mo ń fura sí ọmọ ọlọ́mọ, mi ò fura sí yín rí.

Ọkọ̀ ti ń yí padà. Obìnrin iwájú ń sọ bí omi ṣe ń yí ẹ̀rọ. Mo fọwọ́ kan apá ìyá àgbà náà, mo ní kó má bínú, mo parọ́ fún un. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi sọ ọ́, mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí ní èdè kankan, àfi ìyàwó mi, òun pàápàá, ẹ̀yìn ìgbéyàwó ni mo tó sọ fún un. Mò ń retí kó sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò sún. Ó ní, "Kí ni orúkọ rẹ̀?"

Mo ní Láyíwọlá. Ó gbìyànjú láti pè é, kò dùn lẹ́nu rẹ̀ dáadáa, ó tún un pè títí ó fi sún mọ́ ọn. Bàbá, omi bọ́ lójú mi láàárín àwọn àlejò afẹ́. Kò sẹ́ni tó bèèrè orúkọ ọkùnrin náà lọ́wọ́ mi rí.

Tucker ni mo yà sí bí mo ṣe ń bọ̀. Mo jókòó lórí àga Mọ́rẹ́nikẹ́, mo ń wá ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní ọkùnrin tó ń ṣọ́ ilé wa lẹ́yìn, kì í ṣe ará ìlú wa lásán. Kò jẹ́ kí n parí rẹ̀.

"Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́. Ojú Daddy ló wà lójú ẹ̀ now. Ta lẹ rò pé ẹ ń tàn? I told Marcus since, kó tó di pé ọ̀rọ̀ serious."

Gbogbo ilé ló ń fi ohun tí gbogbo ilé mọ̀ pa mọ́ fún ara wọn. Mọ́rẹ́nikẹ́ ní òun ò bẹ̀ mí ju ohun kan lọ: kí n má jẹ́ kí wọ́n gbé Bọ̀dá Láyí lọ sí Mọ́níyà nígbà tí wọ́n bá ń ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ òun. Ó ní tó bá jẹ́ pé bó ṣe máa lọ nìyẹn, kí wọ́n má ṣe é. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ó ń ká aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Mo sì mọ̀ pé kò ṣeré.

A pe Màámi lánàá, lẹ́yìn ìsìn, èmi pẹ̀lú Mọ́rẹ́nikẹ́, fóònù wà lórí tábìlì láàárín wa. Wọ́n kí wa, wọ́n bèèrè àwọn ọmọ, wọ́n wá ní kí ni mo bá bọ̀. Ẹ̀rù bà mí, kí n má purọ́. Wọ́n ti fi ọjọ́ ayé wọn bo àṣírí yìí, torí pé ẹ̀yin ní kí wọ́n bò ó. Mo ní Màámi, irú Akọ̀wé ti wà nílé wọn rí. Mo ní mo sì ti sọ tiwa fún wọn.

Mo rò pé ìtàkùn ti já. Mọ́rẹ́nikẹ́ di ọwọ́ mi mú, kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí látìgbà tó ti dàgbà.

Màámi wá bèèrè, ohùn wọn lọ sílẹ̀: "Ṣé àwọn máa ń jẹ́ kí àlejò rí tiwọn?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Màámi. Ojú fèrèsé iwájú ló máa ń jókòó sí.

Wọn ò sọ ó ṣe é ṣe, wọn ò sọ kò ní ṣe é ṣe. Mo gbọ́ tí àga dún, tí wọ́n dìde. Mo gbọ́ sálúbàtà wọn lórí sìmẹ́ńtì, ó ń lọ, ó ń lọ, fóònù ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Mo gbọ́ ilẹ̀kùn tí wọ́n kàn. Wọ́n ní, "Akọ̀wé, ọkọ mi, ẹ wọ bùbá yín. Ẹ bọ́ sí pálọ̀, ọmọ yín fẹ́ lọ́kọ, ó ń bẹ lórí fóònù."

Ó pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ ohùn rẹ̀, ó ti di ti arúgbó, ó ń bèèrè ibi tí òun máa jókòó sí. Àga yín ni Màámi ní kó jókòó sí, Bàbá.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ń bi yín ní ìbéèrè, tó sì fẹ́ràn yín láti ìsàlẹ̀ ọkàn wá.